Àgbá Irin Tó Mu Tíì ní Idu

Ẹ wá súwẹ́tà yín wọ̀ kí ẹ tó jókòó. Mo mọ̀ pé oṣù Ẹrẹ́nà ni, mo mọ̀ pé oòrùn Àbújá ń yan ọ̀dà títì lọ́wọ́ níta, ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́ wa ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ wa sì tutù ju ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí lọ.

Orúkọ ilé iṣẹ́ wa ni Àjọ Àpapọ̀ fún Afẹ́fẹ́ Háídrójìn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbọ́ orúkọ náà rí. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwa tí a ń gba owó oṣù níbẹ̀, ó pẹ́ kí àwa náà tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Idu ni a wà, láàárín ilé tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì sí àti ilé tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù. Bí ọkọ̀ ojú irin Kàdúná bá ń kọjá, fèrèsé wa á gbọ̀n. Àwa náà á gbọ̀n, ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe nítorí ọkọ̀ ojú irin.

Nítorí Ọ̀gá Àgbà ni.

Ọ̀gá Àgbà wa ni Dókítà Japheth Ajíbóyèdé. Ẹ̀bùn ni oyè dókítà náà. Yunifásítì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọgbà rẹ̀ ló fi dá a lọ́lá nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Wuse, pẹ̀lú ìrẹsì àti adìyẹ. Ó ga, ó tóbi, ó sì ní ohùn kan tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn gidigidi. Bí ó bá sọ gbólóhùn kan nínú máìkì, tí gbólóhùn náà sì dún dáadáa létí rẹ̀, á tún un sọ. Bí ó bá tún dún dáadáa, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, á wá rọra di ojú bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A óò padà sórí rẹ̀.

Ó lọ sí ìpàdé kan ní Norway, ó sì padà wá sọ fún wa pé òtútù ni ìyá ọ̀làjú. Ó kó wa jọ, ó bi wá léèrè pé ṣé a ti rí orílẹ̀-èdè olóoru kan tó fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí òṣùpá rí. Mo mọ̀ pé Íńdíà gbóná. Gbogbo wa la mọ̀ pé Íńdíà gbóná. A pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù. Ìwọ̀n òtútù mẹ́rìndínlógún ni òfin, kò gbọdọ̀ lé, ìbá wù ú kó dín. A bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà sábẹ́ aṣọ, kí ó má baà dà bí ẹni pé a ń ráhùn. Arábìnrin Felicia, olùdarí ètò ìṣàkóso wa, a máa wọ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìró. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ máa ń kí Ọ̀gá Àgbà láàárọ̀, eyín rẹ̀ á máa lu ara wọn, á ní, "Afẹ́fẹ́ yìí ń tuni lára, sà." Àwa tó kù á ní àmín.

Wàyí o, ọdún mẹ́rin tí ìjọba fún Ọ̀gá Àgbà ti ń lọ sópin, ó sì fẹ́ mẹ́rin mìíràn. Ó fẹ́ ẹ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fẹ́ ọmú. Ilé iṣẹ́ mínísítà ní àwọn yóò rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Idu láti béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni Dókítà Ajíbóyèdé ti ṣe láti ìgbà tó ti dé? Bí ìgbìmọ̀ bá rí nǹkan, á padà sórí àga. Bí wọn kò bá rí nǹkan, kó máa lọ sílé rẹ̀ ní Life Camp, kó lọ máa bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tí wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún un.

A wá gbogbo inú àjọ kiri, a ń wá ohun tó ti ṣe. A rí kàlẹ́ńdà, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí oṣù kọ̀ọ̀kan. A rí géètì tuntun. A ti ń múra láti fi géètì han ìgbìmọ̀ nígbà tí ẹnì kan rántí Ìbídùnní.

Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé ni Ẹnjiníà Ìbídùnní wà. Ẹ̀rọ amúlétutù kò dé ibẹ̀, nítorí Ọ̀gá Àgbà gbà pé ọ̀làjú kì í dé ẹ̀yìnkùlé. Ọmọbìnrin Ẹ̀kìtì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ju "ẹ káàárọ̀, sà" lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Háídrójìn jẹ́ afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè sọ di iná mànàmáná, ṣùgbọ́n wàhálà ni láti tọ́jú: ó fúyẹ́, ó ń sá, ó sì ń gbiná. Ìbídùnní yọ́ oríṣi irin méjì pọ̀, ó lọ àdàlù náà di ìyẹ̀fun dúdú, ó sì rọ ọ́ sínú àgbá irin kan tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyẹ̀fun yìí a máa mu háídrójìn bí gààrí ṣe ń mu omi, á sì dì í mú ṣinṣin. Bí ó bá ń mu ún lọ, ara rẹ̀ á gbóná, ẹ óò sì fi omi tútù sí i lára kó lè mu dé ìdí. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ kó tú u sílẹ̀, ẹ óò fún un ní ooru. Bí ó bá sì ti ń tú u sílẹ̀, ara rẹ̀ á máa tutù lọ. Bí kò bá rí ooru sí i, á pa ẹnu dé. Ó parí. Mímu ń fẹ́ òtútù, títú sílẹ̀ ń fẹ́ ooru. Bí ó bá lè yé èmi tí mo ṣe ìdánwò físíìsì títí tí olùkọ́ fi bẹ̀ mí pé ó tó, a jẹ́ pé ó ti yé ẹ̀yin náà.

Àlá Ìbídùnní ni pé lọ́jọ́ kan irú àgbá bẹ́ẹ̀ á máa gbé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ró ní ilé ìwòsàn abúlé. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀gá Àgbà wá wo àgbá náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ tí wọ́n ń fún un ní háídrójìn mu ni. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóná, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ìbídùnní da omi tútù sí i, abẹ́rẹ́ ojú ìwọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, àmì pé àgbá tún ti ń mu. Inú Ọ̀gá Àgbà dùn bí ẹni tó rí ìbátan.

"Ó ń jẹun," ni ó wí. "Òtútù ló ń mú un jẹun."

Ìbídùnní ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró díẹ̀ kó wo bí àgbá ṣe ń tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti gba àga iwájú sílẹ̀ dè é. Ó lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dákun, ẹ má bú u. Ó rí ìgbà tí nǹkan ń wọlé, kò dúró wo ìgbà tí nǹkan ń jáde. Nínú iṣẹ́ ìjọba, mélòó nínú wa ló ti dúró wo ìdajì kejì rí?

Bí wọ́n ṣe dárúkọ Ìbídùnní nínú ìpàdé, Ọ̀gá Àgbà na ìka sókè. Ó ní ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn òun ti mọ̀ pé àgbá náà ni iṣẹ́ òun. Ó ní òun àti rẹ̀ jọra. Ara àwọn méjèèjì kò gba ooru.

"Mo ti ń rí i, sà," ni Arábìnrin Felicia wí. "Ìwà yín ló ní. Ó yẹ kó jẹ́ orúkọ yín."

Ọ̀gá Àgbà tẹrí ba. "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ẹ fẹ́ fi ọlá pa mí."

"Japheth Kìíní," ni Felicia wí.

"Bí ẹ bá wá sọ pé dandan ni."

A sọ pé dandan ni. Èmi gan-an fi ọwọ́ lu tábìlì. Kí ọjọ́ náà tó lọ, wọ́n ti gbẹ́ orúkọ náà sára irin pẹlẹbẹ, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì kàn án mọ́ àgbá níwájú.

Ọ̀gá Àgbà wá là á kalẹ̀ bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí. Òun yóò dúró nínú gbọ̀ngàn wa níwájú ìgbìmọ̀. Máìkì òun, gílóòbù tó wà lókè orí òun, àti tẹlifíṣọ̀n ńlá tí yóò máa gbé àwòrán òun jáde, ara Japheth Kìíní ni gbogbo wọn yóò ti gba iná, nípasẹ̀ àpótí kékeré kan tó ń sọ háídrójìn di iná. Jẹnẹrétọ̀ yóò máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù nìkan, nítorí ẹni ńlá kì í làágùn níwájú ìgbìmọ̀. Wọn yóò sì jẹ́ kí gbọ̀ngàn tutù ju ti ìgbàkígbà rí lọ, nítorí àgbá. Àti ọpọ́n yìnyín kan nítòsí, bí ebi bá lọ pa á.

Ìbídùnní na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, òtútù yẹn yóò—"

"Yóò ràn án lọ́wọ́," ni Felicia bá a parí rẹ̀.

"Rárá, mà. Òtútù kò ní jẹ́ kó—"

"Kó gbóná," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Mo fi ojú ara mi rí i."

A rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ìbídùnní, irú èyí tí ènìyàn ń rín sí ọmọdé tó gbàgbé ẹsẹ Bíbélì rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé tú, Arábìnrin Felicia tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé. Ooru ibẹ̀ lù ú lójú. Ó bọ́ súwẹ́tà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ìbídùnní, ó yé mi," ni ó wí. "Òtútù ni yóò pa á."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, mà?"

"Ibí yìí gbóná. Ibẹ̀ yẹn tutù. Ẹnu mi kì í ṣí nínú òtútù."

Ìbídùnní wò ó. Ó wo àgbá. Kò sọ nǹkan kan nípa ìjọra, nítorí ó gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó kàn sọ pé bí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà bá kúrú, ooru díẹ̀ tó wà lára àgbá láti ṣọ́ọ̀bù lè gbé e dé òpin, kí Felicia bá òun bẹ̀ ẹ́ kó má sọ̀rọ̀ gùn.

"Ọmọ mi, ṣé o ti rí i kí odò Usuma ṣàn gun òkè rí?"

"Bí ó bá wá kú lójú ìgbìmọ̀ ńkọ́, mà?"

Felicia ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ padà. "A óò sọ pé ó ń sinmi."

Ọjọ́ pé. Alága ìgbìmọ̀ náà ni Alhaja Ruqoyyah, ọmọ Ìlọrin, obìnrin kúkúrú kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba débi pé àwọn mínísítà ló ń kí i. Ó ti ìta oòrùn wọ gbọ̀ngàn wa, ó dúró lójú kan, ó sì fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Kai," ni ó wí. "Ṣé ẹ ń tọ́jú òkú síbí ni?"

"Ọ̀làjú ni, Alhaja," ni Felicia dáhùn, ó sì gbé ife tíì lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa tíì yìí. Felicia kò lè fọwọ́ kan rìmóòtù, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó sọ pé kí ó má se omi. Ó ti to fíláàsìkì ńláńlá yí gbọ̀ngàn ká. Gbogbo wa ló di ife mú, àwọn àlejò, àwọn oníròyìn, àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Ọwọ́ la fi ń yá.

Wọ́n gbé Japheth Kìíní dúró nínú ọpọ́n irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá Àgbà, orúkọ oníwúrà rẹ̀ kọjú sí ìgbìmọ̀. Kenny, akọ̀wé Ọ̀gá Àgbà, ọmọ tí wọ́n bí sí Gwarinpa tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, yí kọ́kọ́rọ́ ẹnu àgbá náà. Àpótí kékeré náà kùn. Gílóòbù tàn. Àwòrán Ọ̀gá Àgbà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Àtẹ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà, òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Ìbídùnní di ojú, ó ń gbàdúrà fún ọ̀rọ̀ kúkúrú.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílùú wa, ẹni tó bá ní ojú àánú á sọ pé òun kí gbogbo ènìyàn ní ipò ipò wọn, á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá Àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kí Alhaja pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, ó kí bàbá Alhaja tó ti dolóògbé. Ó kí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó padà sẹ́yìn kí ẹni tó fò. Ó kí àwọn olùṣọ́àgùntàn, ó kí àwọn àlùfáà, ó kí àwọn ará ilé fóòmù tí kò sí níbẹ̀. Ó kí Norway. Ó bọ́ sórí àwọn òṣìṣẹ́, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì ń retí tèmi. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo tẹrí ba sọ́tùn-ún, mo tẹrí ba sósì, bí ẹni pé àgbá kò ní máa tutù lọ nítorí ìkíni mi.

Ara àgbá ti ń làágùn. Ìrì bò ó, ìrì náà sì ń kán sínú ọpọ́n. Ìgbà yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo rò ó," ni ó wí. "Èmi ni mo ṣe é."

Ó dún dáadáa létí rẹ̀. Ó tún un sọ. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ojú, ó tọ́ ọ wò. Nígbà tó la ojú, gílóòbù orí rẹ̀ ti pọ́n bí epo. Àwòrán rẹ̀ ń ṣẹ́jú lójú tẹlifíṣọ̀n, òun fúnra rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Ohùn rẹ̀ nínú máìkì ti di ti ẹ̀fọn.

Kenny yọ́ lọ bá a. "Daddy sà, iná yẹn ti ń lọ down."

"Ebi ń pa á," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ẹ fún un ní yìnyín."

Ìbídùnní dìde. Felicia fa aṣọ rẹ̀, ó jókòó padà. Ọkùnrin méjì gbé yìnyín dé, wọ́n dà á sínú ọpọ́n títí ó fi bo orúkọ oníwúrà náà mọ́lẹ̀. Gílóòbù kú. Àwòrán kú. Máìkì ṣe bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, ó kú. A ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lókèèrè àti eyín ara wa nítòsí.

Alhaja Ruqoyyah gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. "Ṣé ó ti parí ni?"

"Ó ń sinmi, Alhaja," ni Felicia wí. Ohùn rẹ̀ kò dá a lójú.

Níbí yìí ni ó yẹ kí ẹ wo ojú Ọ̀gá Àgbà. Ó rí ọdún mẹ́rin tó ń bọ̀ tí wọ́n dìde, tí wọ́n gbé báàgì wọn, tí wọ́n ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ìgbìmọ̀, ó wo àgbá, ó sì ṣe ohun tí ẹni tó bá wà lórí àga fún ìgbà pípẹ́ máa ń mọ̀ ọ́n ṣe láìrò ó. Ó wá ẹlòmíràn. Ó kẹ̀yìn sí àgbá, ó kọjú sí àwọn oníròyìn ní apá òsì, máìkì òkú náà sì wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láìdi nǹkan mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní kí wọ́n fetí sí òun dáadáa. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé àjọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun fi ojú kan àgbá náà. Ó ní wọ́n fi ipá sọ ọ́ ní orúkọ òun ni, ó sì na ìka sí wa. Gbogbo wa gbójú sókè wo àjà.

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìbídùnní ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n, ó ń fi ọwọ́ kó yìnyín dànù. Òjìji ẹnì kan dé bá a. Ó gbójú sókè, Alhaja ni.

"Kí ni ó ń fẹ́, ọmọ yìí?"

"Ooru, mà. Omi gbígbóná lásán."

Alhaja wo inú ife rẹ̀. "Ṣúgà wà nínú èyí."

"Kò ní kọ̀ ọ́, mà."

Alhaja da tíì rẹ̀ sára àgbá. Èéfín rú. Arábìnrin Felicia dìde, ó lọ da tirẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣe àwa tó kù. Àwa tí a kì í kúrò lójú kan láìjẹ́ pé ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀, a dìde, a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ Olúwa, ife lọ́wọ́ kálukú, a rọra ń da tíì. Àwọn kan fi mílíìkì sí tiwọn. Kenny gbé odidi fíláàsìkì. Gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo, nítorí ariwo tó wà níwájú tó.

"Kò sí ohun tó kan èmi àti àgbá yìí," ni Ọ̀gá Àgbà ń wí fún àwọn oníròyìn. "N kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ lọ bi Ìbídùnní. Òun ló rò ó. Òun nìkan ló ṣe é, èmi ò mọ nǹkan kan—"

Àpótí kékeré náà kùn.

"—NÍNÚ RẸ̀."

Gílóòbù tàn yòò sí i lórí. Àwòrán rẹ̀ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí a gbé síta nítorí àwọn awakọ̀ gba ohùn rẹ̀, wọ́n gbé e kọjá géètì tuntun dé ilé sìmẹ́ńtì.

Ẹnikẹ́ni ìbá dákẹ́. Èmi ìbá dákẹ́, ẹ̀yin ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó kún, ó lọ, ó bọ̀, ó dùn ju bó ṣe máa ń dùn lọ. Mo rí i nígbà tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé máìkì súnmọ́ ẹnu.

"ÒUN NÌKAN LÓ ṢE É," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "ÈMI Ò MỌ NǸKAN KAN NÍNÚ RẸ̀."

Ó dún dáadáa. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rọra di ojú.

Nígbà tó la ojú, ó yíjú padà, ó rí gbogbo wa yí àgbá ká pẹ̀lú ife òfìfo, ó rí Ìbídùnní lórí ìkúnlẹ̀, tíì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì rí Alhaja Ruqoyyah tó ń nu orúkọ oníwúrà náà pẹ̀lú etí ìborùn kó lè kà á.

"Yauwa," ni Alhaja wí. "Ohun tí wọ́n rán wa wá béèrè gan-an nìyẹn, Dókítà. Ta ló ṣiṣẹ́ níbí? Ẹ ti dá wa lóhùn, ẹ sì tẹnu mọ́ ọn."

Máìkì náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá Àgbà gbé e sẹ́nu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, kò rí nǹkan kan sọ nínú rẹ̀. A kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀, láti gbọ̀ngàn títí dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Kò padà sórí àga. Wọ́n ní ó wà ní Life Camp, pé ó ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé èyí àbíkẹ́yìn ti ń kọ́ àtẹ́wọ́. Àwa ní tiwa, wọ́n ní kí Ìbídùnní máa delé dè wọ́n gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Àgbà títí wọn óò fi rí ẹni fi síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó mú rìmóòtù, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì ṣí fèrèsé. Ó ní owó iná náà lè ra irin tó pọ̀. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà wọlé, òun àti eruku sìmẹ́ńtì. A jókòó yí tábìlì ká. Òógùn ń ṣàn láti orí mi lọ sínú kọ́là ẹ̀wù mi. Ẹnì kan ti ra abẹ̀bẹ̀, ó ti kọ orúkọ Ìbídùnní sí i lára, ó fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ń dúró de àkókò tó wọ̀.

"Ooru yìí mà dára fún egungun o, mà," ni Arábìnrin Felicia wí. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀. "Ó ń múni ronú."

A ní àmín.

Ìbídùnní fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ooru ò mú yín ni?"

A wo ojú ara wa. Èmi ni mo dá a lóhùn, kí Felicia má baà tún ṣáájú mi.

"Bí ó bá ti ń mú yín, mà," ni mo wí, "ó ń mú wa."